Ewúrẹ́ Àgbàsìn Tó Dé Kóòtù

Gbogbo ẹni tó bá ti tu ìyẹ́ adìyẹ rí ló mọ òórùn omi gbígbóná lára ẹran. Nígbà ọdún Kérésì, òórùn yẹn máa ń dùn mọ́ wa, torí a mọ̀ pé ìrẹsì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní Agbowó, ọyẹ́ mú gan-an, mo ru omi bọ̀ láti ẹ̀rọ, òórùn yẹn gba ojú ọ̀nà wá pàdé mi, kò sì sí ọdún kankan nítòsí. Irun ni, awọ ni, oru omi ni. Títí dòní, tí wọ́n bá ti fẹ́ bó adìyẹ nílé, mo máa ń wá nǹkan lọ rà níta.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí inú mi ń dùn ju kí n jókòó síbi kan lọ bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́. Wọ́n gbà mí síṣẹ́! Èmi Ṣadé, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, èmi ni n ó máa ran dókítà ẹran lọ́wọ́ nílé ìwòsàn ẹran. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Mo ti lọ aṣọ funfun tí wọ́n fún mi títí ó fi ń dán, Màámi ní tí mo bá tún jó gba ẹ̀yìn máṣíìnì wọn kọjá, àwọn á rán ẹ̀wù mi pọ̀ mọ́ kọ́tìnì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, dókítà bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ iṣẹ́ ẹran ni ọmọbìnrin bíi tèmi ń wá, èmi tẹ́nu mi kì í sinmi, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo sọ. Mo kàn ní mo fẹ́ràn ẹran ni. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí ǹ bá sọ nìyí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ gbé Agbowó nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ó rántí bó ṣe rí. Yunifásítì wà ní òdì kejì títì, ibẹ̀ mọ́, igi ibẹ̀ dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, oko ẹ̀gẹ́ ń wọ ìgbẹ́, ilé sìmẹ́ńtì ń yọ láàárín rẹ̀, àwọn mìíràn ò tíì ní fèrèsé tí onílé ti kó wọlé. Yàrá méjì la gbà. Bàámi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òkè Ọya, a kì í rí wọn ju ìgbà ọdún lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Màámi ti ń ránṣọ. Tí wọ́n bá ti ń fẹsẹ̀ wa máṣíìnì, òwe ni wọ́n máa ń pa fún aṣọ. Èyí tí mo gbọ́ jù ni, "Ẹni tó bá fẹ́ yọ igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ gún ara rẹ̀ wò ná." Torí pé mo máa ń sọ̀kò sí aláǹgbá ni wọ́n ṣe ń pa á. Mi ò sọ̀kò mọ́ nígbà tó yá.

A ní ewúrẹ́ kan. Pupa ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun dé orúnkún, bíi ti ọmọ ilé ìwé tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ náà ni mo sọ ọ́. Màámi fi àjákù àǹkárá búlúù so mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n má bàa gbé e, bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Láàárọ̀ la máa ń tú wọn sílẹ̀ láti lọ jẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń darí wálé fúnra wọn. Ìbọ̀sẹ̀ fẹ́ràn láti máa jẹ ṣọ́ọ̀kì tísà. Ó máa ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, tísà wa á ní, "Ṣadé, ẹ̀gbọ́n ẹ ti dé," gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí gbogbo àdúgbò ò mọ̀ ni pé kì í ṣe tiwa. Àgbàsìn ni. Ìyá Àgbà ló ni ín, ìyá arúgbó kan tó ń gbé nínú ìlú lọ́hùn-ún, tí Màámi ń rán bùbá fún. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí lọ́kùnrin ló kọ́lé síwájú ilé wa, Bàbá Délé. Ìyá Àgbà ti sin ewúrẹ́ méjì rí nílé ọmọ wọn yìí. Èkíní bá ìkómọ lọ, èkejì bá ìṣílé lọ, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n. Ni wọ́n bá fa ẹ̀kẹta wá bá Màámi ní ọ̀sán gangan tí ọmọ wọn wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ní, "Bá mi sìn ín. Bó bá bímọ, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tìrẹ. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá Délé gbọ́. Tó bá ti gbọ́, ọbẹ̀ ni." Nígbàkígbà tí wọ́n bá wá kí ọmọ wọn, wọ́n á dọ́gbọ́n yà sọ́dọ̀ wa pé àwọn ń wá wo aṣọ, wọ́n á wá jókòó ti Ìbọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n á máa fún un ní iyọ̀ lá láti àtẹ́lẹwọ́ wọn. Nígbà tó lóyún, àwọn ló kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n fọwọ́ pa á nínú, wọ́n ní méjì ló wà níbẹ̀. Màámi sọ fún mi pé tiwa nínú méjèèjì, èmi ni mo ni ín.

Bàbá Délé ńkọ́? Màámi ṣì ń bá mi jà pé mi ò kì í pè é ní "wọ́n" bí wọ́n ṣe ń pe àgbà. Kí wọ́n máa bá mi jà nìṣó. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan ní Dúgbẹ̀, ó máa ń wọ táì, ó máa ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì máa ń pe àwa ọmọdé wá gba bísíkíìtì lọ́jọ́ tó bá gbowó oṣù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gba Bódìjà kọjá lórí kẹ̀kẹ́, ó rí bí àwọn èèyàn ńlá ibẹ̀ ṣe gbin òdòdó síwájú ilé, ni òun náà bá gbin tirẹ̀. Ó to bíríkì yí i ká, ó fi ẹfun kun bíríkì. Ìyàwó rẹ̀ ní kó kúkú gbin ilá, ó ní kí obìnrin yẹn dákẹ́, pé ojú ẹ̀ ò tíì là.

Ewúrẹ́ ò mọ òdòdó yàtọ̀ sí ewé. Ìbọ̀sẹ̀ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, Bàbá Délé wá fẹjọ́ sùn, Màámi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. A so ó mọ́lẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó ké títí ohùn rẹ̀ há, oyún sì wà nínú rẹ̀, Màámi ní ká tú u sílẹ̀ kó lọ na ẹsẹ̀. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ má bàa rò pé ọkùnrin náà ò ní ohun tó ń bí i nínú. Ó ní. Kì í ṣe torí pé ó bínú ni mo ṣe ń bá a jà.

Nígbà tí mo ru omi dé ìkóríta ilé wa láàárọ̀ yẹn, mo rí Bàbá Délé tó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ò sí nínú òdòdó. Ó dúró sójú ọ̀nà, jẹ́jẹ́ rẹ̀. Kẹ́tù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá Délé, oru ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ọkùnrin náà na èèpo iṣu síta. Ó ń pè é. Ohùn tó fi ń pè wá wá gba bísíkíìtì gan-an ló fi ń pè é. Ìbọ̀sẹ̀ wá, ó ń mirù. Ó jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ èèpo náà. Lẹ́yìn náà ló gbé kẹ́tù, ó dà á sí i lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti èjìká dé ìdí, bí ẹni ń bomi rin ọ̀gbìn.

Mi ò ní júwe igbe tó ké. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ irú rẹ̀ rí mọ̀ ọ́n. Ó sá lu ògiri, ó dìde, ó tún sá lu ògiri. Bàbá Délé mi kẹ́tù wò bóyá omi ṣì kù, ó sì rí mi. Ó ní, "Ṣadé, rọra o, omi orí ẹ ń dà nù." Ó wọlé lọ múra iṣẹ́.

Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbogbo bó sílẹ̀. Màámi fi àdí àgbọn pa á lára, wọ́n fi àkísà mímọ́ lé eṣinṣin, ṣùgbọ́n eṣinṣin pọ̀ ju ọwọ́ wa lọ. Kò lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìdúró ló fi ń sùn. Kò pẹ́ ni oyún náà wálẹ̀, méjì lóòótọ́ bí Ìyá Àgbà ṣe wí, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ funfun. Màámi bo erùpẹ̀ lé wọn lórí lẹ́yìn ilé. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n wẹ ọwọ́, wọ́n wé gèlè, wọ́n fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Kọ́sítébù tó wà lẹ́nu tábìlì gbọ́ wa tán, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mi ò ní purọ́ fún yín, òfin ẹ̀ wà nínú ìwé wa. Ẹni tó bá fìyà jẹ ẹran, ẹjọ́ wà fún un. Ṣùgbọ́n ìyà ibẹ̀ ò tó nǹkan, kò sì sẹ́ni tó ń tìtorí ẹ̀ mú èèyàn. Ṣé kí n lọ mú akọ̀wé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ewúrẹ́?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ó kúkú ní ẹlẹ́rìí, kó gbé ewúrẹ́ wá kó wá búra." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ká lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, pé ẹjọ́ dúkìá nìyẹn, àwọn yẹn ló mọ̀ ọ́n dá.

Inú mi dùn lọ́jọ́ kóòtù, Ọlọ́run gbọ́. Màámi rán ẹ̀wù tuntun fún mi nítorí ẹ̀. Ọmọdé mọ ohun kan ṣoṣo nípa adájọ́: tó o bá sọ òótọ́ fún un, ó máa ṣe òótọ́. Èmi sì ní òótọ́ tó kún ẹnu mi. Àgbà mẹ́ta ló jókòó níwájú lábẹ́ òrùlé páànù tí oòrùn ń mú ta. Wọ́n bi mí léèrè, mo tú u sílẹ̀, mi ò mí, bí ẹni ń sáré ìdíje. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi títí mo fi dé ibi èèpo iṣu. Àgbà tó wà láàárín dá mi dúró.

Wọ́n ní, "Ó pè é?"

Mo ní, "Ó pè é, sà. Ó jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán."

Wọ́n yíjú sí Bàbá Délé. Ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn. Ó ní, "Olúwa mi, ewúrẹ́ ṣá ni. Ó jẹ òdòdó mi." Àgbà náà ní, "Mi ò bi ọ́ ní ti òdòdó. Ṣé o pè é?" Ó ń tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe. Mo wo Màámi, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ká ní wọ́n lè dá ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, pé ó pè é, kí wọ́n sì ní agbára tó tó láti fìyà jẹ ẹ́, ǹ bá ti máa ṣe iṣẹ́ mìíràn lónìí.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé kóòtù ló dìde, ó ní wọn ò tíì kọ orúkọ ẹni tó ni ẹran sílẹ̀. Wọ́n bi Màámi pé ṣé àwọn ni wọ́n ni ín. Bíbélì wà lábẹ́ ọwọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Àgbàsìn ni, olúwa mi."

"Ta ló gbé e fún ọ sìn?"

Màámi wo Bàbá Délé bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá tó bí olùjẹ́jọ́ ni."

Ẹ̀rín ya bo gbogbo ilé. Bàbá Délé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Irọ́ ni. Ìyá mi ò lẹ́ran. Tó bá lẹ́ran, ṣé mi ò ní mọ̀ ni?" Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "O mọ̀ ọ́n jẹ ni, o ò mọ̀ ọ́n sìn." Adájọ́ lu tábìlì. Wọ́n ní ẹni tó ni ẹran ló ni ẹjọ́, kí ìyá náà wá fúnra wọn.

Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ tí Ìyá Àgbà wá, mi ò bẹ̀rù rárá. Ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ fún un ní iyọ̀ lá, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ? Kí wọ́n tó wọ kóòtù, wọ́n kọ́kọ́ gba ilé wa kọjá. Wọ́n lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n wo Ìbọ̀sẹ̀, wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn án, kò síbi tí ọwọ́ lè gbé. Wọ́n ṣí ìborùn wọn, wọ́n fi nu ojú. Mo di ìborùn yẹn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí a fi dé ẹnu ọ̀nà kóòtù.

Adájọ́ bi wọ́n pé, "Ìyá, ẹran yín ni wọ́n fi omi gbígbóná bó láàyè yìí. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún ẹni tó ṣe é?"

Ìyá Àgbà wo ọmọ wọn. Táì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ni ewúrẹ́. Mo ni ẹni tó da omi. Ọwọ́ mi kan ló gbá èkejì, olúwa mi. Ta ni kí n fẹjọ́ sùn?"

Ó parí nìyẹn. Wọ́n ní kóòtù ò rí ẹjọ́ kankan. Àgbà àárín ò wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Bàbá Délé dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, wọ́n gbé e dìde, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, lóòótọ́ ni mo sọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a délé, ó wá gba ẹran ìyá rẹ̀. Okùn ló mú wá. Màámi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kò lè rìn." Ó ní, "Kò ní rìn jìnnà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ tánganran wá, ó da aṣọ bò ó. Kò lè gbójú sókè. Ó ní, "Màmá Ṣadé, Ìyá wa ní ẹ̀tọ́ yín ni, torí ẹ̀yin lẹ sìn ín." A kì í jẹ ẹran lójoojúmọ́ nílé wa, ẹ jẹ́ kó yé yín. Màámi dúpẹ́, wọn ò ṣí aṣọ náà. Wọ́n ní, "Bá mi gbé e padà fún Ìyá. Sọ pé mo ní kí wọ́n jẹ tèmi mọ́ tiwọn." Wọ́n padà sídìí máṣíìnì, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ òwe kankan ní ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó tún pàdé Ìyá Àgbà, lójú ọ̀nà ẹ̀rọ omi. Mo fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìkí wọn. Wọ́n pè mí. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ṣadé, ìwọ náà á bímọ." Wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Wọ́n ti kú báyìí, Bàbá Délé ló sin wọ́n, ó sì sin wọ́n dáadáa.

Ká ní ẹ bi ọmọ tó wọ ẹ̀wù tuntun lọ sí kóòtù pé kí ni kí òfin ṣe, ó ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó bi í: kí wọ́n gbé kẹ́tù kaná, kí wọ́n pe Bàbá Délé pẹ̀lú bísíkíìtì. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó ṣe adájọ́. Ohun tí èmi ń fẹ́ kéré sí tirẹ̀, ó sì le jù ú lọ. Mo fẹ́ òfin tí kì í béèrè ẹni tó ni ẹran kó tó béèrè ohun tí wọ́n fi ẹran ṣe. Mo fẹ́ kí ìyà inú rẹ̀ wúwo, kó jẹ́ ẹ̀wọ̀n gidi, kí ọlọ́pàá má lè fi ṣẹ̀rín mọ́, kí akọ̀wé tó wọ táì gbé kẹ́tù rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù, bí àánú ò bá sí. Wọ́n máa sọ pé èèyàn gan-an ò tíì rí ẹ̀tọ́ gbà, ẹran ló kù. Ẹni tó lè pe ẹran wá jẹun kó tó bó o láàyè, mi ò fẹ́ mọ ohun tó máa fi èèyàn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ṣe.

Ọmọ yẹn rò pé ọkùnrin burúkú kan ló wà, ẹni tó kù sì dára. Èmi mọ̀ báyìí pé ká ní wọ́n tì í mọ́lé nígbà náà, ìyá rẹ̀ ì bá máa gbé oúnjẹ lọ fún un láràárọ̀, ì bá máa sunkún lọ, ì bá máa sunkún bọ̀, ǹ bá sì mọ ìyà tó ń jẹ wọ́n. Síbẹ̀, ǹ bá ní kí wọ́n tì í. Mo lè sọ ọ́ torí pé ọmọ ẹlòmíì ni. Èmi náà á bí tèmi lọ́jọ́ kan, bí Ìyá Àgbà ṣe wí, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹnu mi á gbà á níwájú adájọ́ nígbà náà. Mo ti bi ara mi léèrè láàárọ̀ yìí níwájú dígí, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn mi, ayọ̀ ń gbé mi fò. Mo ní n ó sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ mi. Ọmọ yẹn ì bá ti sọ ọ́ láìmí. Èmi kọ́kọ́ mí.